Iná Tí Kò Tàn Lẹ́yìn Ilé Ọlọ́wọ́-Òwú

Bí àlejò bá béèrè ilé onídìrí ní òpópónà yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé, "Onídìrí wo? Ti irun tó pọ̀ ni àbí ti irun tí kò sí?" Ti irun tó pọ̀, wọ́n wà káàkiri, wọ́n ní dígí ńlá lára ògiri, wọ́n ní rédíò tó ń pariwo. Ti irun tí kò sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọlọ́wọ́-Òwú ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Opó ni. Ó ti dàgbà, orúnkún rẹ̀ a máa ké bó bá ń dìde, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì rọ̀ bí òwú tó fi ń jẹ́ orúkọ. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Wọ́n á yà gba ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n á kan ilẹ̀kùn páánù, wọ́n á dúró títí ohùn rẹ̀ á fi dáhùn láti inú pé, "Ta nìyẹn?" Tí wọ́n bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn, á fi irin há a. Ẹ̀yìn ìyẹn ni obìnrin náà á tó gbé ọwọ́ sí ìbòrí rẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ àwọn ìbòrí yẹn ò dọ́gba. Òmíràn, ọmọ ló bí tí irun fi dà nù. Òmíràn, oògùn ló fà á. Òmíràn, ìrònú ni, tí orí kàn pá lójú kan roboto bí ibi tí wọ́n fi ẹnu ife tẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òwú á fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, á fi ìpara tó pò fúnra rẹ̀ ra á, á di ìwọ̀nba irun tó kù lọ́nà tí kò ní fà á. Iṣẹ́ yìí kò ṣe é ṣe nínú yàrá. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, gílóòbù sì máa ń parọ́ fún ojú: awọ orí tó ti fẹ́ di egbò á dà bí èyí tára rẹ̀ dá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe é, ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹyọ kan tó bí, ni ẹ̀yìnkùlé yẹn kọ́kọ́ wà fún. Nígbà tí àìsàn ńlá mú un, tí wọ́n ń fún un ní oògùn líle, gbogbo irun orí rẹ̀ já bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ọmọ náà kò bẹ̀rù ikú tó bó ṣe ń bẹ̀rù ojú èèyàn. Ó ní, "Màámi, oòrùn wù mí í yá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi." Ìyá rẹ̀ lọ ra páánù àlòkù, ó bẹ kápẹ́ńtà àdúgbò, wọ́n mọ ọgbà náà sókè kọjá orí ọkùnrin tó ga jù. Ọmọ náà ń yá oòrùn níbẹ̀ títí tó fi lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn kan ní kí ìyá tú páánù náà tà, pé kí ló tún fẹ́ fi ṣe. Ó ní rárá o. Ìlérí tó ṣe fún ọmọ rẹ̀, kò rí ìdí tó fi yẹ kó bá ọmọ náà wọ ilẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá wọ inú páánù yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Lẹ́yìn ọgbà náà ni ọ̀nà tóóró kan wà tó máa ń ṣókùnkùn biribiri. Ọlọ́wọ́-Òwú ti bẹ ìjọba fún iná síbẹ̀ títí ó fi sú u. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé òpó irin dé, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn páánù, tí wọ́n gbé nǹkan funfun roboto kan bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lé e lórí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé omi tútù jáde fún wọn. Ó tún gbàdúrà lé e.

"Ojú yín ò ní fọ́ o. Ẹni tó rán yín níṣẹ́, ojú tiẹ̀ náà ò ní fọ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ náà wo ara wọn. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n mu omi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ilẹ̀ ṣú, iná ò tàn. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú, kò tàn.

"Ìyàwó, iná tó o gbàdúrà fún yẹn, ó ti sùn lọ o." Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń gbé ilé náà látìgbà tí ọkọ ti kú. Ó kéré sí Ọlọ́wọ́-Òwú lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ń pè é látọjọ́ tó ti wọlé wọn, Ọlọ́wọ́-Òwú náà ò sì pè é ní nǹkan míì ju ọkọ mi lọ.

"Ọkọ mi, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn ò tíì fa wáyà ni."

Ó di nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nígbà tiẹ̀, á gbé ojú sókè, á kí òpó náà: "Iná ìjọba, o ò tíì jí ni?" Á bú sẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ gbalasa nínú oòrùn.

Òjò rọ̀ títí ó fi dá, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, òkùnkùn ṣì wà níbi tó wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọlọ́wọ́-Òwú fọ orí ìyàwó kápẹ́ńtà tán, ó ní kó jókòó kí orí rẹ̀ gbẹ kóun tó kun ìpara. Ó fi àbúrò ọkọ rẹ̀ tì í, ó da ìborùn lé èjìká, ó ní òun fẹ́ yára lọ fẹjọ́ iná sùn ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, kò jìnnà.

Akọ̀wé kan ló bá níbẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ bisikíìtì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Iná ẹ̀yìn ilé wa ni mo bá wá. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, kò tàn rí."

"Iná wo nìyẹn, Màmá?"

"Èyí tó funfun roboto, lórí òpó irin, lẹ́yìn ọgbà páánù."

Akọ̀wé náà yíjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rín wá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí bisikíìtì fi há a lọ́fun, tó ń wúkọ́, tó ń fi ọwọ́ gbá àyà.

"Màmá, ta ló ní iná ni? Kámẹ́rà ni o! Ojú ìjọba nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò dákẹ́ rí. Ẹ wá wò ó."

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí i. Ọlọ́wọ́-Òwú kọ́kọ́ rí páánù, ó rí báàfù rẹ̀, ó rí òòyà rẹ̀ lórí àpótí, gbogbo rẹ̀ láti òkè bí ẹni pé ẹyẹ ló ń wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín pé, "Háà, ilé mi nìyí." Ìgbà náà ló rí ìyàwó kápẹ́ńtà. Obìnrin náà jókòó jẹ́jẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí òpó, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú àpá ńlá tí omi gbígbóná dá sí i lára ní kékeré, láti àtàrí títí dé ẹ̀yìn etí.

"Ó ríran débi pé tí èèrà bá ń rìn, ẹ ó rí i," akọ̀wé náà wí. Ó tẹ nǹkan kan. Orí ìyàwó kápẹ́ńtà ń sún mọ́ wọn, ó ń tóbi, títí àpá yẹn fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Ọlọ́wọ́-Òwú kò pariwo. Ó fa ìborùn èjìká rẹ̀ yọ, ó dà á bo kọ̀ǹpútà náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síbẹ̀ bí ẹni tó ń pa iná tó ń jó.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe? Nǹkan ìjọba ni o!"

"Orí tó wà nínú ẹ̀ yẹn, ṣé tìjọba náà ni?"

"Ẹ mú aṣọ yín kúrò, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá á bínú."

"Pa á ná."

"Mi ò lè pa á. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Gbogbo nǹkan tó bá sì rí, ó ń kó o pa mọ́."

"Síbo?"

"Sí olú iléeṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin, Màmá."

Ó fi ìborùn náà sílẹ̀ níbi tó dà á bò, ó jáde. Kò mọ bí òun ṣe délé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tú ìró òkè rẹ̀, ó fi bo ìyàwó kápẹ́ńtà lórí, ó mú un wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn.

Ìyàwó kápẹ́ńtà yìí, ọkọ rẹ̀ gan-an ló kan ọgbà páánù náà nígbà yẹn, kó tó fẹ́ ẹ. Títí di òní, ọkùnrin náà ò mọ ohun tí ìyàwó òun ń bá lọ sínú ọgbà tóun kàn lọ́wọ́ ara òun. Ó mọ̀ pé omi jó o lórí nígbà kan. Kò rí i rí. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ìbòrí sùn, ó ń fi ìbòrí jí, ọkọ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Òwú sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò bo ọ̀kan. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Èèyàn mélòó ló ti rí mi?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ọkùnrin ni wọ́n àbí obìnrin?"

"Ọmọkùnrin kan ni mo bá níbẹ̀. Àwọn tó kù, mi ò mọ̀ wọ́n."

Ìyàwó kápẹ́ńtà so ìbòrí rẹ̀, ó tún so òmíràn lé e. "Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, Màmá," ló wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì dun Ọlọ́wọ́-Òwú wọra. Ìyàwó kápẹ́ńtà jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn páánù bí ẹni tó ń kúrò nílé aláìsàn. Ọjọ́ gorí ọjọ́, kò padà wá.

Àbúrò ọkọ fà á jókòó lọ́jọ́ náà. "Ìyàwó, kámẹ́rà ò lẹ́nu. Tó o bá panu mọ́, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Fi nǹkan bo òkè ẹ̀yìnkùlé, kó parí."

"Kí n bo oòrùn, kí ni màá fi ríṣẹ́ ṣe? Ọkọ mi, àwọn ló gbé ojú lé ilé mi. Ṣé èmi ló wá yẹ kó máa sá?"

"Ìjọba ni o! Apá wọn gùn."

"Apá wọn la gbọ́ pé ó gùn. Wọn ò sọ fún wa pé ojú wọn gùn jù ú lọ."

Ó fi àáké kọ́rí. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ojú yẹn á fi yí padà, tí ohun tó sì ti kó lọ nípa ẹni náà á fi pa rẹ́. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti ń kan páánù ló ń sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àwọn obìnrin náà ò mọ orí ara wọn. Òmíràn sunkún. Òmíràn bínú sí Ọlọ́wọ́-Òwú gan-an. Ìyá Oníbọ́tìnnì, àgbàlagbà kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ, ẹni tí orí rẹ̀ ti dán láti ọdún pípẹ́, ní tiẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé gbogbo ìgbà tí mo ń jó fún yín ní ẹ̀yìnkùlé yìí, tòun ti orí tó dà bí ẹyin, wọ́n ń wò mí?"

"Wọ́n ń wò yín, Màmá."

"Wọn ò sì sanwó ìran! Ta ni ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì yẹn?" Ọlọ́wọ́-Òwú sọ fún un. Ó mi orí. "Ó dáa. Ẹ lọ bá a ná, kó sọ tẹnu ẹ̀."

Ọlọ́wọ́-Òwú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹnu yàrá ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀gá náà máa fi pè é wọlé, ìdí ti ń ro ó.

"Màmá, olè pọ̀ nílùú. Ààbò yín là ń wá. Ẹni tí kò ṣe nǹkan ibi, kí ló ń fi pa mọ́?"

"Orí."

"Ẹ ní kí ni?"

"Orí ni mo ń fi pa mọ́, ọ̀gá. Orí àwọn tó fi ṣíṣí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Tí olè bá wọlé mi, màá ké sí yín. Mi ò ké sí yín. Iná tí mo máa fi ríran ni mo bẹ̀ yín fún, ẹ wá gbé èyí tí ẹ̀yin máa fi rí mi wá."

"Àṣẹ láti òkè ni. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Obìnrin kan tó wé ṣíkáàfù dé orí ìpéǹpéjú wá jókòó tì í. Òmíràn dé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí àyè ẹsẹ̀ mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà, ìbòrí lóríṣiríṣi, gbogbo wọn jókòó bí ẹni tó wá ṣe ìdánwò. Ọ̀gá bá já jáde.

"Kí ni gbogbo èyí? Ṣé ọjà lẹ sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi dà ni? Ẹ..."

Láàárín àwọn obìnrin náà ni Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó sí, tó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìyá ìyàwó ọ̀gá ni.

"Ẹ... ẹ kú àárọ̀ mà. Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá wò ọ́ ni, ọkọ ọmọ mi. Ṣebí ìwọ náà ti ń wò mí látọjọ́ yìí."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi í pa mọ́ títí wọ́n fi délé. Oòrùn ò tíì wọ̀ lọ́jọ́ yẹn tí àkàbà fi wà lára òpó, tí wọ́n yí ojú funfun náà kọ sí títì ńlá, tó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ilé tó wà ní ọ̀nà tóóró náà.

"Ó ti parí báyìí, àbí?" ọ̀gá bi Ọlọ́wọ́-Òwú, òógùn bò ó.

"Ẹ ṣé. Èyí tó ti rí ńkọ́?"

"Ìyẹn wà ní olú iléeṣẹ́. Kò sí lọ́wọ́ mi."

"Júwe ibẹ̀ fún mi."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kó sinmi, ó ti borí. Àwọn oníbàárà míì náà ní kó ṣílẹ̀kùn, orí ń yún wọn. Kò ṣí i. Ìbéèrè ìyàwó kápẹ́ńtà ṣì wà nínú etí rẹ̀, kò sì tíì rí ìdáhùn fún un.

Olú iléeṣẹ́ náà ga, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn ń rí ara rẹ̀ níbi tó bá gbẹ́sẹ̀ sí. Wọ́n ní kó lọ sókè, àwọn tòkè ní kó padà sísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó bá obìnrin òṣìṣẹ́ kan pàdé, ẹni tó wọ awò ojú, tó gbọ́ ọ dópin.

"Òfin fàyè gbà á, Màmá. Ẹni tí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ nínú ilé lè ní kí á pa á rẹ́. A sì gbọ́dọ̀ sọ iye èèyàn tó ṣí i wò fún un."

"Ọlọ́run á bù kún yín."

"Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá. Á dúró níwájú kámẹ́rà bó ṣe wà nínú àwòrán náà gan-an, kó lè dá a mọ̀ pé òun ni."

Ọlọ́wọ́-Òwú ní, "Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ o. Kí ẹ tó lè gbójú kúrò lórí ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un wò?"

Obìnrin náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ sí ìsọ̀ kápẹ́ńtà. Ọkùnrin náà ń kan ilẹ̀kùn kan níwájú, ìró òòlù rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn, lẹ́búlẹ́bú pákó kún ìbòrí rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òwú sọ ohun tí wọ́n wí fún un. Kò gbà á nímọ̀ràn kankan.

"Tí o bá ní o ò lọ, ọmọ mi, mi ò ní dá ọ lẹ́bi. Màá máa wá ọ̀nà míì."

Ìyàwó kápẹ́ńtà gbálẹ̀ náà dópin, ó kó pàǹtí, ó fi ìgbálẹ̀ tì. "Màá lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe kámẹ́rà ni mo máa ṣí orí fún."

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, òun ló sọ̀rọ̀. Ọlọ́wọ́-Òwú ò mọ̀ pé ó ní ohùn tó le tó bẹ́ẹ̀.

"Àwọn tó ti rí mi, ẹnì kankan ò bi mí. Lẹ́ẹ̀kan yìí, èmi ni mo máa yan ẹni tó máa rí mi. Ẹ̀yin ni mo yàn, mà. Ẹ̀yin nìkan. Kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ojú yín wò mí, kí ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò kúrò níbí."

"A kì í ṣe é báyẹn."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Wọ́n jókòó. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n jáde, àwọn méjèèjì ò mira. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó dìde lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ fèrèsé, ó ya bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kámẹ́rà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Òwú kọjú sí ilẹ̀kùn, ó fara tì í. Kò sí orí tó mọ̀ tó èyí láyé, síbẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ ìró ìbòrí tí wọ́n ń tú.

"Ẹ ṣeun," obìnrin òṣìṣẹ́ náà wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin ni. Ẹ so ó." Lẹ́yìn náà ló ní, "Èèyàn mẹ́ta ló ti ṣí i wò."

"Mẹ́ta." Ìyàwó kápẹ́ńtà sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Àwọn tí mo ti ń rí lójú oorun pọ̀ ju mẹ́ta lọ."

Obìnrin náà sún kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, ó fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" obìnrin òṣìṣẹ́ náà béèrè, bí wọ́n ṣe ń dìde. "Àwọn obìnrin tó wà nínú àwòrán náà pọ̀, Màmá."

"Wọ́n ń bọ̀," Ọlọ́wọ́-Òwú wí. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá wa wá aṣọ fèrèsé tó nípọn ju èyí lọ. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jó."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kan páánù.

"Ta nìyẹn?"

Akọ̀wé ọ́fíìsì ni. Nígbà tí Ọlọ́wọ́-Òwú yọjú, ó bá a tó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, tó na ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn sí i, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. "Màmá, ẹ má bínú," ló wí fún títì.

"Iná mi ńkọ́?"

"Mo ti bá wọn sọ ọ́ mà."

"Máa bá wọn sọ ọ́ lọ."

Bó ṣe ń fi irin há ilẹ̀kùn ni wọ́n tún kàn án. Ìyàwó kápẹ́ńtà ló wọlé. Kò jókòó. Ó dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ojú sókè wo òpó náà, ó wo ẹ̀yìn nǹkan funfun tó wà lórí rẹ̀, ó wo òrùlé àwọn tó múlé tì wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́wọ́-Òwú ò sọ pé kó yára. Omi ń tutù nínú báàfù, ó fi í sílẹ̀ kó máa tutù.

Ìyàwó kápẹ́ńtà padà sídìí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ irin náà wò bóyá ó há. Ó jókòó sórí àpótí. Ó tú ìbòrí ti òkè, ó tú ti ìsàlẹ̀, ó ká méjèèjì lé itan rẹ̀.

"Màmá, omi yẹn ti tutù jù o."

"Jẹ́ kí n lọ gbé òmíràn kaná," Ọlọ́wọ́-Òwú wí, ó sì dìde, orúnkún rẹ̀ ké.